Bí A Ṣe Ń Fi Kẹ̀kẹ́ Rin Ọ̀nà Jíjìn Láti Polongo Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Tíì Parí

Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ rin ọ̀nà jíjìn fún ìgbádùn ara rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ibi tó wù ú ni ó lè yà sí, ibi tí ilẹ̀ bá sì ṣú u sí ni ó lè sùn. Ìrìnàjò tí a fẹ́ fi polongo àwọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó so àwọn ìlú àgbègbè kan pọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ọ̀hún sì ni láti mú kí àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn fi ojú ara wọn rí ibi tí ọ̀nà náà ti já, kí wọ́n má sì lè gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, kìlómítà ni mo ń lé. Mo ń rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà lójúmọ́, mo ń juwọ́ sí àwọn ènìyàn lójú ọ̀nà, mo sì ń fi ìlú tó yẹ kí n dúró bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn kí oòrùn tó kan àtàrí. Nígbà tí mo parí rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n yà mí ní fọ́tò, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Kò sí afárá kan tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́, kò sì sí àmì ojú ọ̀nà kan tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rì mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ibi tí ọ̀nà ti já, tí mo ń pè ní àlàfo, ni kí a fi ṣe òpó tí gbogbo ìrìnàjò yóò dúró lé, kì í ṣe iye kìlómítà. Orí èyí ni mo gbé gbogbo ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí kà.

Ẹ wá àlàfo kí ẹ tó wá ibi tí ẹ ó sùn

Ọ̀pọ̀ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àgbègbè ni a kò là tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlú kan á la tirẹ̀ sórí ilẹ̀ ojú irin tí ọkọ̀ kò gbà mọ́, ìlú kejì á tẹ̀lé etí odò, ìkẹta á kàn fi ọ̀dà fa ìlà sí etí títì, ìkẹrin kò sì ní ṣe nǹkan kan. Great Allegheny Passage ní Amẹ́ríkà, tó lọ láti Pittsburgh dé Cumberland, gùn tó nǹkan bí 240 kìlómítà. Ọdún 1986 ni wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ rẹ̀, ọdún 2013 ni èyí tó kẹ́yìn sì parí tí ọ̀nà náà fi wọ Pittsburgh láìjá. Ọdún 27 ni wọ́n fi ń dí àlàfo lọ́kọ̀ọ̀kan. East Coast Greenway, tí wọ́n fẹ́ kó lọ láti Calais ní Maine dé Key West ní Florida, nǹkan bí 4,800 kìlómítà, ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1991, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni wọ́n tíì yọ kúrò lójú títì tí ọkọ̀ ń gbà. Nítorí náà, bí ọ̀nà tí ẹ fẹ́ polongo bá ní àlàfo mẹ́wàá, kò jẹ́ ìtìjú. Iṣẹ́ tí ẹ bá lọ nìyẹn.

Ẹ ṣí OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè lò kó sì tún ṣe, ẹ tọ ipa ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ sì fi àwòrán sátẹ́láìtì yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́ léèrè, nítorí ìlà tó gún régé lórí àwòrán ilẹ̀ lè jẹ́ ẹrẹ̀ tó dé orókùn nígbà òjò. Fún àlàfo kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: bó ṣe gùn tó, ẹni tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, ohun tí kò sí níbẹ̀ gan-an (afárá ni, ibi ìsọdá títì ni, àbí ilẹ̀ tó ṣeé gùn), àti ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé lọ́dọ̀ ìjọba. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Àlàfo tí ẹnikẹ́ni kò tíì ronú kàn nílò ẹni tí yóò kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Èyí tí àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tí kò sì sí owó nílò ẹni tí yóò béèrè owó. Èyí tí owó ti wà fún, tí onílẹ̀ kan kò sì gbà, nílò sùúrù àti ẹnu tútù. Bí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ síbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó kàn máa da omi sínú agbọ̀n ni.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ gbogbo wọn, ẹ mú márùn-ún tàbí mẹ́fà péré. Mo mọ̀ pé yóò dun yín láti fi èyí tó kù sílẹ̀, ó dun èmi náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè ohun 30 lọ́wọ́ ìjọba kì í rí ẹyọ kan gbà. Àwọn tí ẹ mú yìí ni kí ẹ fi pín ọjọ́ ìrìnàjò, kí ẹ tó wá ronú nípa ibi tí ẹ ó sùn.

Òfin kan tí n kò ń yẹ̀ ni pé kí a gba inú àlàfo kọjá, kí a má yà fún un. Bí ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ níbẹ̀ kí ẹ tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódìkejì, ẹ ti fi ohun tí ẹ wá fi hàn pamọ́ fúnra yín. Ibi méjì ni mo yọ sílẹ̀ nínú òfin yìí. Ẹ má gba orí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ, ẹ má sì gba orí ojú irin tí ọkọ̀ ṣì ń gbà, bó ti wù kí ọ̀nà ibẹ̀ yá tó. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ dúró ní etí kìíní, ẹ wo aago, kí ẹ wá gba ọ̀nà yíyípo tí bàbá tó kó ọmọ lẹ́yìn yóò ní láti gbà títí ẹ ó fi dé etí kejì. Àkókò tí ó gbà yín ni ẹ ó gbé síwájú ìgbìmọ̀ ìlú.

Ibi tí ẹ ó kọjú sí

Ní oṣù kìíní ọdún 1954, ìwé ìròyìn Washington Post gbè sẹ́yìn ètò kan láti sọ etí odò àtọwọ́dá Chesapeake and Ohio di títì ọkọ̀. Etí odò yìí ni ìbaaka ti máa ń fa ọkọ̀ ojú omi tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ sì ti dáwọ́ dúró lórí omi náà láti 1924. William O. Douglas, adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí olóòtú ìwé ìròyìn náà pé kó wá bá òun fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà kó tó fọwọ́ sí i pé kí a bà á jẹ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta, wọ́n gbéra láti Cumberland, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́jọ rin nǹkan bí 297 kìlómítà dé Washington. Ènìyàn mẹ́sàn-án péré ló fi ẹsẹ̀ rin gbogbo rẹ̀ tán, Douglas sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn ń kọ ọ́ lójoojúmọ́, ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ sì yí ohùn padà. Ní 1971, ìjọba sọ ibẹ̀ di ọgbà ìtàn orílẹ̀-èdè. Lónìí, kẹ̀kẹ́ ń gba etí odò náà, ó sì so pọ̀ mọ́ Great Allegheny Passage ní Cumberland.

Ẹ kíyè sí i pé Washington ni wọ́n kọjú sí, wọn kò kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní olú ìlú tó sì parí sínú igbó ń fi ariwo sílẹ̀ níbi tó ti yẹ kó kó o lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìpẹ̀kun tó jìnnà, kí ẹ jẹ́ kí ìròyìn máa ṣáájú yín, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé tí àwọn tó ń pín owó ìlú ti ń jókòó, ní ọjọ́ tí wọ́n wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ro ti afẹ́fẹ́ àti òkè. Ọ̀nà tí a là sórí ilẹ̀ ojú irin àtijọ́ kì í sábà gùn ju mítà 2 lọ nínú mítà 100, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin kò lè gun ibi tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà síbẹ̀. Láti Pittsburgh, gígùn òkè Great Allegheny Passage pín díẹ̀díẹ̀ sórí nǹkan bí 200 kìlómítà. Láti Cumberland, nǹkan bí 38 kìlómítà ni ẹ ó fi gun òkè kan náà. Bí ẹrù bá wà lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ yín yóò mọ èyí tí ẹ yàn.

Ẹ má ṣe ju 60 kìlómítà lọ lójúmọ́ nínú ètò yín, kódà bí ara yín bá lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni, ìyókù ọjọ́ sì jẹ́ ti àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ní àlàfo láti gbà, ẹ dín in kù sí 40. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ẹ fi ọjọ́ kan sinmi, kí ọjọ́ náà sì bọ́ sí ìlú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.

Lẹ́tà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ ìgbéra ni kí lẹ́tà ti dé ọwọ́ ìjọba ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka iṣẹ́ òde, ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí ọ̀nà, àwọn oníṣọ̀wò etí ọ̀nà, àti àwọn oníròyìn ibẹ̀. Kó má ju ojú ewé kan lọ. Ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ ó dé, orúkọ àlàfo tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín gbà, àti ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń fẹ́. Bí ẹ bá kọ̀wé pé kí wọ́n ti ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, gbogbo wọn ni yóò sọ pé àwọn ti ń tì í lẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀wé pé kí wọ́n fi owó yíya àwòrán afárá orí odò sínú ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, ẹ ó gba bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyíkéyìí nínú méjèèjì sì dára ju ẹ̀rín músẹ́ lọ. Nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pè wọ́n lórí fóònù; ọ̀pọ̀ lẹ́tà ni a kò sọnù, tí ẹnikẹ́ni kò sì kà.

Ẹ má gbàgbé láti máa pe ọ̀nà náà ní orúkọ rẹ̀ kíkún. Àwọn ará ìlú mọ apá tó kọjá lẹ́yìn ilé wọn nìkan, wọ́n sì lè máa rìn ín láti kékeré láìmọ̀ pé ó so mọ́ ìlú tó wà ní 200 kìlómítà sí wọn. Èyí ni ọgbọ́n tí àwọn tó ń ṣe EuroVelo ní Yúróòpù lò: ọ̀nà 17 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì kan náà tó ní ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè lórí búlúù sì ń tẹ̀lé agunkẹ̀kẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Ẹ kọ orúkọ ọ̀nà yín gàdàgbà sára àpò ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, kí ẹni tó bá wà lẹ́yìn yín nínú ọkọ̀ lè kà á.

Kẹ̀kẹ́ àti ẹrù

Kò pọn dandan kí kẹ̀kẹ́ jẹ́ olówó ńlá. Ohun tó pọn dandan ni pé kí férémù rẹ̀ le, kí ó ní ibi tí a lè de káríà mọ́ níwájú àti lẹ́yìn, kí jíà rẹ̀ rọlẹ̀ tó láti fi ẹrù gun òkè láìdìde lórí ìjókòó, kí táyà rẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 38 sí 50. Ọ̀nà àgbègbè kì í jẹ́ oríṣi kan; láàárín ọ̀sán kan, ẹ lè gba ọ̀dà, òkúta wẹ́wẹ́, pákó afárá àti ilẹ̀ lásán, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ yín mọ gbogbo rẹ̀ lára. Sípóòkì 36 ni mo ń fẹ́ fún ríìmù ẹ̀yìn, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrù ń tẹ̀ jù.

Ẹ gbé ìjókòó sí ibi tó yẹ ẹ́: bí gìgísẹ̀ bá wà lórí pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ na tán, nígbà tí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ gùn ún, orúnkún yóò tẹ̀ díẹ̀, bó ṣe yẹ nìyẹn. Orúnkún tó ń dunni lọ́jọ́ kẹta sábà máa ń wá láti ìjókòó tó rẹlẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí ẹrù wà nísàlẹ̀ 15 kílò. Ohun tó wúwo ni kí ó wà nísàlẹ̀ àpò, kí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ẹ di gbogbo ẹrù náà mọ́ ọn, kí ẹ fi ọjọ́ méjì gùn ún, kí ẹ sun ìta lálẹ́ àárín wọn. Ohun tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn ní ọjọ́ méjì yẹn, àyàfi àpò ìtọ́jú ọgbẹ́, aṣọ òjò àti irinṣẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Túùbù méjì, ohun èlò ìlẹ̀-túùbù, páǹpù, sípóòkì mẹ́rin tó bá ríìmù yín mu, rọ́bà bíréèkì kan, ìsopọ̀ ṣéènì àti òróró ṣéènì tó fún mi. Iná iwájú àti ẹ̀yìn ni kí ẹ máa tàn lọ́sàn-án gangan níbikíbi tí ẹ bá ti ń bá ọkọ̀ pín ọ̀nà. Ní ti aṣọ, ẹ wọ ohun tó bá ara yín mu. N kò ní ju bẹ́ẹ̀ sọ. Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, kí ẹ sì jẹun kí ebi tó pa yín, nítorí ẹni tí ebi ti mú ìkanra bá kò lè bá ìjòyè ìlú sọ̀rọ̀ ire.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àlàfo kan

Àlàfo kan wà tí kò gùn ju 400 mítà lọ. Lórí àwòrán ilẹ̀, ẹ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i: ọ̀nà tó dára parí sí ẹsẹ̀ afárá títì ńlá, ọ̀nà mìíràn tó dára bẹ̀rẹ̀ lódìkejì. Kánsẹ́lọ̀ àdúgbò náà gbà láti bá mi gùn ún. A ò tíì dé àárín rẹ̀ tí táyà ẹ̀yìn mi fi rọ̀. Etí títì tí a dúró sí kò fẹ̀ ju gígùn apá lọ, gbogbo tírélà tó bá sì kọjá ń ti afẹ́fẹ́ lu wá débi pé a ní láti di kẹ̀kẹ́ mú kó má ṣubú.

Mo dojú kẹ̀kẹ́ dé, mo tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mo fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yọ apá kan táyà kúrò lára ríìmù, mo sì fa túùbù jáde. Mo fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, mo wá ń yí i díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè, nítorí pé ariwo títì kò jẹ́ kí etí gbọ́ ìjò, ṣùgbọ́n ètè máa ń mọ atẹ́gùn tó kéré jù lọ. Mo fi bírò sàmì sí ibẹ̀. Kí ẹ tó fi túùbù mìíràn sí i, ẹ fi aṣọ pélébé nu inú táyà yípo, kí ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́. Ibi tí òwú aṣọ bá ti kọ́ ni ohun tó gún un ṣì wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ṣe èyí, tí túùbù tuntun á sì tún jò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí mo rí ni wáyà irin kan tó tín-ín-rín bí irun, tí kò gùn tó èékánná ọwọ́. Inú táyà tírélà tó bẹ́ lójú ọ̀nà ni irú wáyà bẹ́ẹ̀ ti ń wá, atẹ́gùn ọkọ̀ á sì máa gbá a lọ sí etí títì, níbi tí a ní kí kẹ̀kẹ́ máa gbà.

Mo fún kánsẹ́lọ̀ náà ní wáyà yẹn. Ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó wo tírélà tó ń bọ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ó fi sínú àpòòwé kan, ó kì í bọ àpò. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ kejì, kí n tó la ẹnu, òun ló da wáyà náà sórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ náà kò pọ̀, kò sì nílò kó pọ̀.

Túùbù tó jò ni mo lẹ̀ lálẹ́. Ẹ fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀ títí dídán rẹ̀ yóò fi kúrò, ẹ fi gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ pa á kọjá ibi tí rọ́bà ìlẹ̀ yóò dé, kí ẹ sì dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún títí yóò fi gbẹ lójú kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Kíkánjú níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí rọ́bà ìlẹ̀ ṣí lọ́jọ́ kejì.

Bí a ṣe ń kọ àlàfo sílẹ̀ tí yóò fi wúlò

Kò sí àlàfo tí kò ní fọ́tò, ṣùgbọ́n fọ́tò tí a yà láti ojú àgbàlagbà tó dúró kì í ká ẹnikẹ́ni lára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ títí kámẹ́rà yóò fi wà ní mítà kan sílẹ̀, níbi tí ojú ọmọ ọdún mẹ́jọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ yóò wà, kí ẹ sì ya títì náà láti ibẹ̀. Táyà tírélà á fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ojú nínú fọ́tò náà. N kò tíì rí àwòrán mìíràn tó ń pa yàrá ìpàdé lẹ́nu mọ́ bí irú rẹ̀.

Ẹ fi tépù wọn fífẹ̀ etí títì náà níbi mẹ́ta, kí ẹ sì kọ èyí tó kéré jù. Ẹ dúró síbi tí kò léwu fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ ka ọkọ̀ ńlá àti ọkọ̀ kékeré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, ojú ọjọ́ àti ibi tí ẹ wà gan-an gẹ́gẹ́ bí fóònù yín ṣe fi hàn. Bí ẹ bá rí ẹnìkan tó ń gbé kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀ tàbí tó ń rìn, ẹ kí i, kí ẹ bi í ibi tó ń lọ, kí ẹ sì béèrè bóyá ó gbà kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Àwọn tí ọ̀nà tó já ń dà láàmú jù lọ kì í wá sí ìpàdé, nítorí pé ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà ní wákàtí náà.

Nígbà tí ẹ bá ń pe àwọn ìjòyè láti bá yín gùn ún, ẹ má ṣe ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Ẹ wá kẹ̀kẹ́ àti akoto mélòó kan sílẹ̀, kí ẹ yẹ bíréèkì gbogbo wọn wò ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì sọ fún ọlọ́pàá ojú pópó. Ẹni tí kò bá mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ẹ bá a rìn. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì í níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀. Kí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ dára jù wà lẹ́yìn pátápátá, kì í ṣe níwájú. Bí ẹ bá dé òdìkejì, ẹ má tíì sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mí, kí àwọn fúnra wọn kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wọn rí.

Àwọn tí kò fẹ́ ọ̀nà náà

Ẹ ó pàdé wọn, pàápàá àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀nà yóò gba ẹ̀gbẹ́ oko wọn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé àjèjì yóò máa yọjú wo inú àgbàlá àwọn, pé ajá agunkẹ̀kẹ́ yóò lé ẹran ọ̀sìn, pé ìdọ̀tí yóò pọ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ òmùgọ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ gbọ́ tẹnu wọn tán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn, kí ẹ sì béèrè ohun tí yóò tán an: ògiri ni, ẹnu ọ̀nà tó ń ti ara rẹ̀ ni, àbí kí a gbé ọ̀nà náà lọ sẹ́yìn igi. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àgbẹ̀ mìíràn tí ọ̀nà ti ń gba ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ láti ọdún mélòó kan, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí àgbẹ̀ bá sọ fún àgbẹ̀ ló ń wọlé. Àkọsílẹ̀ àwọn ìbẹ̀rù wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìròyìn ìkẹyìn yín láìdín kù; ẹni tó bá rí i pé ẹ kò pa òun lẹ́nu mọ́ lè gbà lọ́dún kejì.

Alẹ́, àti lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀

Lálaalẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ nu ṣéènì, ẹ fi òróró kan an, ẹ fọwọ́ yẹ sípóòkì wò bóyá ọ̀kan ti dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ náà, nítorí pé lọ́jọ́ kẹta, àlàfo kan á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ èkejì lójú yín. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì ọjọ́ náà sínú àpòòwé tó ní orúkọ ìlú lára: ilé tí ẹ sùn, oúnjẹ tí ẹ rà, irinṣẹ́ tí ẹ tún ṣe. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, àpòòwé náà á wúwo. Nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ iye tí ẹ ná níbẹ̀ ní ọjọ́ kan, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ná ní ìlú tí ọ̀nà kò dé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì á bá àwọn oníṣọ̀wò sọ̀rọ̀ ju bí ẹ̀yin ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Láàárín ọjọ́ 14 tí ẹ bá parí, ẹ fi ìròyìn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ kọ̀wé sí tẹ́lẹ̀, yálà wọ́n wá tàbí wọn kò wá. Ojú ewé méjì fún àlàfo kan: fọ́tò ojú ọmọdé, ìwọ̀n, iye ọkọ̀, ohun tí onílẹ̀ sọ, ohun kan tí ẹ béèrè, orúkọ ipò ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìdáhùn tó fún yín. Ẹ fi ohun tí ẹ rí tún OpenStreetMap ṣe, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má ṣe kó sínú ẹrẹ̀ tí ẹ̀yin kó sí.

Ẹ jẹ́ kí àwòrán ilẹ̀ gan-an kù lẹ́yìn ìrìnàjò náà. Ní 1976, nígbà tí Amẹ́ríkà pé ọdún 200, ju 4,000 ènìyàn lọ ló gun kẹ̀kẹ́ nínú ìrìnàjò tí wọ́n pè ní Bikecentennial, lórí ọ̀nà tó gba inú orílẹ̀-èdè náà kọjá láti Oregon dé Virginia. Ayẹyẹ ọdún yẹn ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ṣètò rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ di Adventure Cycling Association, kò jáwọ́ nínú àwòrán ọ̀nà náà, àwọn ènìyàn sì ń fi gun TransAmerica Trail títí di òní. Nítorí náà, ẹ fi ipa ọ̀nà yín, pẹ̀lú àwọn ibi omi, ibi ìtúnṣe kẹ̀kẹ́, ibi ìsùn àti gbogbo àlàfo tí ẹ kà, síbi tí ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ mú kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀, ẹ sàmì sí ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì kọ̀wé ṣókí sí ìlú tí àlàfo rẹ̀ kúrú jù láàárín àwọn tí ẹ mú pé ẹ ó padà wá ní ọjọ́ yẹn láti tún gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú wọn.